Háàdì Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Bí ẹ bá dé òpópónà Òtìgbà, ní Computer Village tó wà n'Íkẹjà, ẹ ó rí i lórí àtẹ láàárín ṣájà àti íápíìsì. Ẹ sì lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó. Wáyà dúdú ni, kò gùn tó apá àgbàlagbà. Orí kan rẹ̀ ni USB tí gbogbo wa mọ̀, tí à ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Orí kejì ló mú iṣẹ́ dání: ike kékeré kan tó nípọn, tó ní ẹnu mẹ́ta, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, fún háàdì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí. Àwọn mìíràn tún ní ihò tóóró-tóóró tí à ń ki mẹ́mórì kámẹ́rà àti ti fóònù bọ̀. Àwọn ọmọ ọjà kì í polówó rẹ̀. Fóònù tuntun ni wọ́n ń pariwo lé lórí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tó yẹ kí ìdílé Yorùbá kọ́kọ́ rà nínú ọjà náà lọ́dún yìí, wáyà yìí ni n ó nàka sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Èyí tó fẹ̀ jù jẹ́ ti háàdì kọ̀ǹpútà orí tábìlì ayé ìjọ́hun, irú èyí tí wọ́n ń pè ní IDE. Àyè eyín 40 ló wà níbẹ̀, 20 lókè, 20 nísàlẹ̀. Bí ẹ bá wá tẹjú mọ́ ara háàdì fúnra rẹ̀, eyín 39 lẹ ó kà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ̀kan láàárín kúrò ni, kí ẹnikẹ́ni má baà ki wáyà bọ̀ ọ́ sódì. Nítorí náà, bí ó bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ yí i padà. Eyín wọ̀nyí rọ̀ púpọ̀, èyí tó bá sì tẹ̀ lè ṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń nà án. Ẹnu kejì kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, àyè eyín 44 ló sì wà níbẹ̀. Ti háàdì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ni, nínú 4 tó lé yẹn ni iná ti ń wọlé fún un. Ẹnu kẹta pẹlẹbẹ, ó tẹ̀ kọ́rọ́ ní ìparí. Ti SATA nìyẹn, tó jáde ní 2003, tó sì lé IDE kúrò nígboro láàárín ọdún díẹ̀. Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Láptọ́ọ̀pù tí ẹ rà lánàá kò ní ìkankan nínú ẹnu tí háàdì bàbá yín lè wọ̀.

Nínú ike yẹn, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí ojú ẹni tó ń lò ó kì í rí. Háàdì ní èdè tirẹ̀, USB ní tirẹ̀, wọn kò sì gbọ́ ara wọn rárá. Ẹ̀rọ yẹn ló dúró láàárín wọn bí ògbufọ̀ olóòótọ́ tó dúró láàárín ọba àti ajẹ́lẹ̀: ohun tí èyí sọ ni yóò sọ fún tọ̀hún, kò ní fi kún un, kò sì ní yọ kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Háàdì láptọ́ọ̀pù, oní-íǹṣì méjì ààbọ̀, lè fi fóótì (volt) 5 tó ń bọ̀ láti ara USB ṣiṣẹ́. Oní-íǹṣì mẹ́ta ààbọ̀ kò lè ṣe é. Fóótì 12 ni mọ́tò inú rẹ̀ ń jẹ, USB kò sì ní in. Ìdí nìyẹn tí wáyà tó dára fi máa ń ní ohun ìfanáwọlé tirẹ̀ tí à ń ki orí rẹ̀ bọ ara ògiri. Bí ẹni tó ń tà á bá gbé wáyà nìkan fún yín, ẹ béèrè ti iná kí ẹ tó sanwó.

Bàbá wa jẹ́ olùkọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn. Ìṣẹ́yìn ni agboolé wa wà. Wọ́n á gbé kámẹ́rà kékeré kọ́rùn, wọ́n á máa ká àwọn àgbà mọ́lé: àwọn tó ń hun aṣọ òkè, àwọn ìyá tó mọ bí wọ́n ṣe ń ran òwú sányán, àwọn bàbá tó mọ ibi tí ààlà oko parí sí àti ìdí tó fi parí síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù. Àwa ọmọ kò kà á sí iṣẹ́ gidi. A rò pé ohun tí bàbá fi ń pa ìrọ̀lẹ́ ni.

Kò pẹ́ tí wọ́n papòdà tí láptọ́ọ̀pù náà kọ̀ tí kò tan mọ́. Ìyá wa gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọkùnrin náà tẹ ibi kan, ó tẹ ibòmíràn, ó ní, "Màmá, ó ti kú o. Kò sí nǹkan tí a lè rí mú nínú ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e sọnù, kí ẹ ra òmíràn." Ìyá wa ní rárá, pé wọn kì í gbé ẹrù olóògbé sọnù bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìró wé e, wọ́n gbé e sínú àpótí tí wọ́n ń kó aṣọ òkè sí. Ibẹ̀ ló wà ní gbogbo ọdún tí a fi ń ra láptọ́ọ̀pù tuntun, tí à ń pààrọ̀ fóònù.

Ohun tí ọkùnrin yẹn kò yà sọ́tọ̀ ni pé bọ́ọ̀dù ló kú, háàdì kò kú. Bọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ nǹkan inú láptọ́ọ̀pù so mọ́, bí ó bá sì jó, ojú ẹ̀rọ kò ní mọ́lẹ̀. Háàdì dá wà láyè tirẹ̀, nínú àpótí irin tirẹ̀ tí wọ́n dé pa. Lọ́pọ̀ ìgbà ni gbogbo ara láptọ́ọ̀pù máa ń kú tí nǹkan kan kì í ṣe háàdì. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà máa sọ èyí fún àwọn ìyá tó bá gbé ẹrù wá. Ìyá mìíràn ì bá ti gbà kí wọ́n gbé e sọnù.

Nígbà tí mo ra wáyà náà, mo tú ìdè kékeré méjì tó wà lábẹ́ láptọ́ọ̀pù, mo rọra fa háàdì jáde. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àmọ́ ó wúwo ju bí ó ti rí lójú. 40GB ló wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Eyín rẹ̀ mọ́ roro. Mo kì í bọ ẹnu wáyà náà, mo ki USB bọ kọ̀ǹpútà, mo sì gbé etí sún mọ́ ọn. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í hùn, ohùn náà ń ga sí i díẹ̀díẹ̀, nǹkan kan dún "kẹ́" nínú rẹ̀, ó sì dúró sójú kan. Fódà yọ lójú kọ̀ǹpútà. Windows ní mi ò ní àṣẹ láti wo inú fódà bàbá mi, pé ṣé kí òun fún mi láṣẹ? Mo dákẹ́ díẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Déètì tó wà lára àwọn fáìlì náà kò wúlò. Bátìrì kámẹ́rà ti kú lọ́pọ̀ ìgbà, aago inú rẹ̀ sì ń padà síbi tí iléeṣẹ́ tó ṣe é yí i sí, nítorí náà ọjọ́ kan náà ló wà lára fídíò tó ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni bàbá wa. Níbẹ̀rẹ̀ fídíò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun, wọ́n á fi ẹnu wọn sọ ọjọ́. Ọ̀kan rèé: "Òní ni ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ, ọdún 2006. Agboolé wa ni a wà. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ ara yín."

Ìyá àgbà náà wò wọ́n, wọ́n ní, "Ìwọ náà kò mọ orúkọ mi ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Àwọn tí kò tíì dé ayé ni kò mọ̀ ọ́n."

Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n dárúkọ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó tẹ agboolé náà dó, wọ́n ka àwọn ìyàwó rẹ̀, wọ́n ka ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, èyí tó kú ní kékeré, èyí tó ṣí lọ sí Ṣakí tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò padà wálé, èyí tó bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kétu. Láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n dá ọ̀rọ̀ dúró, wọ́n ní kí ẹnì kan bá wọn lé ewúrẹ́ kan. Ẹsẹ̀ ọmọdé kan sáré kọjá. Bàbá wa ní, "Ẹ máa bá a lọ, Màmá, mo ń gbọ́." Kò sí ẹnikẹ́ni láyé lónìí tó lè ka àwọn orúkọ yẹn láìṣì wọ́n kà. Inú háàdì tí wọ́n ní kí a gbé sọnù ni wọ́n wà.

Kì í ṣe háàdì nìkan. Mẹ́mórì kámẹ́rà bàbá wa ṣì wà nínú àpò rẹ̀, Memory Stick ni, irú tí Sony gbé jáde ní 1998 tí kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. SanDisk, Panasonic àti Toshiba pawọ́ pọ̀ kéde SD ní 1999. Olympus àti Fujifilm tún gbé tiwọn, xD, jáde ní 2002. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí a wà lọ́dọ̀ òun nìkan. SD ló borí, Sony pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe SD ní 2010. Àwọn tó ti ya fọ́tò ìgbéyàwó wọn sórí Memory Stick tàbí xD kò gbọ́ nípa ogun yìí rárá. Wọ́n kàn rí i lọ́jọ́ kan pé mẹ́mórì àwọn kò wọ ibikíbi mọ́. Ihò tóóró-tóóró tó wà lára wáyà wọ̀nyí, irú wọn ló ń ṣí i.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú mẹ́mórì. Nígbà tí dátà wọ́n gógó, ta ni kò mọ ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ọmọ kan jókòó sí pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù, tí gbohùngbohùn ń ké lẹ́nu ọ̀nà? "Ẹ bá mi kó orin sí mẹ́mórì." Fújì Síkírù Àyìndé Barrister, ti Kollington, wáàsí, ewì, ìwàásù, gbogbo rẹ̀ yóò wọ inú ohun tí kò gùn ju mìlímítà 15 lọ, tí kò fẹ̀ ju 11 lọ. Àwọn awakọ̀ gbé e rìnrìn àjò, àwọn ìyá gbé e sí rédíò kékeré nídìí àtẹ. Inú mẹ́mórì bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ohùn ìyá wọn sí, níbi òkú, níbi ìsọmọlórúkọ, láàárín orin àti wáàsí, láìfún un lórúkọ kankan. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí irú rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ ẹnìkan, pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ àgádágodo tó ti sọnù.

Mẹ́mórì kì í sì í dúró láéláé. Ohun tó fi ń rántí ni iná tín-ín-rín tí wọ́n há mọ́ inú rẹ̀, iná yìí sì ń jò díẹ̀díẹ̀ bí ó bá wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fi í sẹ́nu ẹ̀rọ. Ayédèrú tún pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á kọ 64GB sí i lára, wọ́n á sì ti tún ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣe kí ó lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ àyè tó wà nínú rẹ̀ kò ju 4 lọ. Bí ó bá ti kún, kò ní pariwo. Yóò máa gba fáìlì, yóò sì máa pa wọ́n run. Kí ẹ tó gbé ohun iyebíye sórí mẹ́mórì tuntun, ẹ kọ́kọ́ kó ohun tí kò ṣe pàtàkì kún inú rẹ̀ dẹ́nu, kí ẹ sì ṣí wọn padà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìṣòro yìí kò mọ lọ́dọ̀ wa. Ní 1086, àwọn ìránṣẹ́ William tó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ilẹ̀ àti ohun ìní ìjọba rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí awọ ẹran, ìwé náà wà ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá sì gbọ́ èdè Látìn ṣì lè kà á. Nítorí pé yóò pé 900 ọdún ní 1986, BBC ní kí àwọn ará ìlú ṣe irú rẹ̀ fún ìgbà tiwọn. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó kópa, àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú wọn. Orí àwo tí wọ́n fi iná léésà kà ni wọ́n kó o sí, ẹ̀rọ àrà ọ̀tọ̀ kan ló sì lè kà á. Nígbà tó fi máa di 2002, ẹ̀rọ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Leeds àti ti Michigan ló ṣiṣẹ́ láti gba àwọn àwo náà là. Awọ ẹran lo ohun tó lé ní 900 ọdún. Àwo kò lo 20.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bàhíà, ní Brazil. Láàárín 1940 sí 1941, Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tọ àwọn àgbà ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Kandomblé níbẹ̀ lọ. Martiniano do Bonfim wà lára wọn, ọmọ Bàhíà tó gbé Èkó kàwé nígbà èwe rẹ̀, tó ń sọ Yorùbá. Bonfim jáde láyé ní 1943. Orí àwo ni Turner gba àwọn ohùn náà sí, Yunifásítì Indiana ló ń tọ́jú wọn. Àwọn tó wà nídìí wọn kò jẹ́ kí ohùn kú sórí àwo; wọ́n gbé e bọ́ sórí ohun tí ìgbà tuntun ń lò. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ lónìí lè gbọ́ bí ẹnu àwọn àgbà wa ṣe rí lókè òkun ní 1940. Kò sí idán níbẹ̀. Ẹnì kan ló jókòó, tó gbé e láti inú èyí sínú ìyẹn, kí ẹnu ọ̀nà tó tì pa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Wáyà yìí kì í béèrè pé ta ni yín. Ó ṣí háàdì bàbá mi fún mi, yóò sì ṣí háàdì yín fún ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ní 2005, àjọ Basel Action Network ṣèwádìí lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n ń kó wọ Èkó láti òkè òkun, wọ́n sì bá fáìlì àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú háàdì tí wọ́n rà lọ́jà. Pé ẹ tẹ "delete" kò fi hàn pé fáìlì ti lọ. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà pa rẹ́ nínú ìwé orúkọ, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀. Ẹ má ta háàdì yín fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ṣí ló yẹ ní pínpín. Nínú fódà bàbá wa, fídíò kan wà tí àgbà kan ti sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan àti ẹjọ́ tó ti parí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ìparí rẹ̀, bàbá ní, "Ti inú ilé nìyí o." Àbúrò mi fẹ́ kó gbogbo fídíò sórí WhatsApp ìdílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá wa ní kó dúró. Wọ́n pe baálé agboolé, wọ́n jọ gbọ́ ọ, wọ́n fẹnu kò pé kí ìtàn ìran àti iṣẹ́ òwú lọ sọ́dọ̀ gbogbo ọmọ, kí ti ilẹ̀ wà lọ́wọ́ baálé. Mo rò pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Ẹni tó bá gbé ohùn àgbà jáde ní láti pa àṣẹ àgbà náà mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, nǹkan díẹ̀ rèé tí mo ti rí pé ó ṣe pàtàkì. Bí háàdì bá ń dún "kẹ́, kẹ́, kẹ́" láìdákẹ́, ẹ yọ iná rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì tú u. Irin tó ń kà á ló ti ní ìṣòro, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ló lè tọ́jú rẹ̀, yóò sì gba owó gidi. Bí Windows bá ní kí ẹ "format" rẹ̀ kí ẹ tó lè lò ó, ẹ kọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò lè kà á, kò sọ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí mẹ́mórì SD bá ní ohun kékeré tó ṣeé tì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tì í sí apá "lock" kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì kọ nǹkan lé ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àdàkọ ohun gbogbo bó ṣe wà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ẹ fi àdàkọ kan sílé, ẹ fi òmíràn sọ́dọ̀ ọmọ tó ń gbé ìlú mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kó àwọn àgbà tó kù jọ, ẹ fi fọ́tò àti ohùn náà hàn wọ́n, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá dá mọ̀ sílẹ̀. Wáyà lè ṣí fáìlì, kò lè sọ ta ni obìnrin tó ró ìró aláró ní ọwọ́ òsì. Ẹ wo inú àpótí, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wo àpò kámẹ́rà tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́ láti ọdún tí ẹni tó ni ín ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é lọ́dún yìí, nígbà tí wọ́n ṣì ń ta wáyà náà, tí àwọn tó mọ orúkọ sì ṣì wà láàárín wa.